Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Ẹgbẹ́: Àṣìyọ Owó Orí ní Ibi Iṣẹ́ Tuntun

Ẹ̀kọ́ lórí owó yíyá àti ìwé ẹgbẹ́ kíkọ ni a máa ń ṣe jù lójú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lè dà bí ẹni pé kò kan ẹgbẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n àwa alábẹ̀wò ń bá a pàdé nínú ìwé gbèsè, níbi tí kò ti yẹ kí ó wà. Ọ̀rọ̀ náà ni ti owó orí tí wọ́n yọ kọjá iye tí ó yẹ lára owó oṣù ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. A kó o jọ láti inú ohun tí a ti rí ní ẹgbẹ́ mélòó kan ni, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wá ẹni tí ó jẹ́ kiri. A ó pè é ní Ìyá Kẹ́hìndé. Ládìpọ̀ ni ó ń gbé, ní Mushin, kò jìnnà sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Oṣù mẹ́fà ni ó fi jókòó sílé tí ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí ara màmá balẹ̀, ó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, wọ́n ní kí ó máa bá wọn ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni yóò bẹ̀rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ 180,000 náírà. Ó mú lẹ́tà iṣẹ́ náà wá sí ẹgbẹ́, ó yá 300,000 náírà láti fi kún owó ilé, ó sì ṣe àdéhùn pé òun yóò máa san 25,000 lóṣooṣù. Àwọn obìnrin méjì ṣe onídùúró fún un, wọ́n fi owó ìfipamọ́ wọn dúró. Ọ̀kan nínú wọn ń ta èlùbọ́, òun náà sì ti ń múra láti yá owó fi kún ọjà.

Ìgbà tí owó oṣù àkọ́kọ́ wọlé, 138,600 náírà ni ó rí. Lójú tirẹ̀, ó kéré sí ohun tí ó ti ń rò. Ṣùgbọ́n àlejò ni ó jẹ́ níbi iṣẹ́, kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé kò tíì jókòó tán tí ó fi ń bèèrè owó. Ó dákẹ́. Oṣù àkọ́kọ́, ó san 25,000 fún ẹgbẹ́. Oṣù kejì, ó san 20,000. Ní oṣù kẹta, 12,000 ni ó mú wá, kò sì dúró parí ìpàdé. Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onídùúró. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wá gbọ́ pé wọ́n ti dá ìwé ìyáwó tirẹ̀ dúró, nítorí pé owó ìfipamọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ gbèsè ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń lọ sí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn tìkà-tẹ̀gbin.

A sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá kí a wò ó. Ohun tí a rí níbẹ̀ nìyí: owó ìfẹ̀yìntì, 14,400; owó orí, 27,000.

Ẹni tí ó bá fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣírò 180,000 yóò rí 27,000 gééré. Ìyẹn ni pé akọ̀wé owó ilé iṣẹ́ náà gba ìdá 15 lórí gbogbo owó oṣù láti orí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a bi Ìyá Kẹ́hìndé léèrè ohun tí ó kó fún wọn ní ọjọ́ tí ó wọ iṣẹ́, ó ní fọ́tò méjì àti nọ́ńbà báńkì.

Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú wàhálà yìí dáadáa. Láti ọdún 1944 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń yọ owó orí lára owó iṣẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ètò tí à ń pè ní PAYE. Lọ́dọ̀ wọn, ìjọba ni ó ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì kan, bíi 1257L, tí ó ń sọ fún ilé iṣẹ́ iye owó tí wọn kò gbọdọ̀ gba owó orí lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ yóò gba ìwé P45 lọ sí òmíràn. Bí kò bá mú un lọ, wọ́n lè fi àmì BR sí i lára, ìyẹn sì ni pé ìdá 20 ni wọn yóò máa yọ láti orí pọ́n-ùn àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ṣì í, ọ́fíìsì owó orí yóò fi àmì tuntun ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà.

Lọ́dọ̀ wa, kò sí àmì kankan tí ìjọba ń fi ránṣẹ́. Ohun tí akọ̀wé owó bá mọ̀ nípa rẹ ni ó ń fi ṣírò, ìwọ ni o sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà gan-an nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin. Òfin Owó Orí Nàìjíríà ti ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ó sọ pé 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí a ó gba owó orí lé lórí lọ́dún kò ní owó orí kankan. Ìdá 15 ni ti 2,200,000 tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gòkè ní ìpele ìpele, títí dé ìdá 25 fún ohun tí ó bá lé ní 50,000,000. A kò rò pé ìpele òkè yẹn yóò dààmú ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ládìpọ̀. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè, tí òfin ọdún 2024 fi sí 70,000, kò ní san owó orí lórí rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ìpele wọ̀nyí, àwọn owó kan wà tí a ó kọ́kọ́ yọ kúrò. Owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń dá wà níbẹ̀, àti owó ìlera lábẹ́ ètò ìjọba, owó tí a ń dá sí àpò ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè, owó ìbánigbófò ẹ̀mí, àti èlé orí owó tí a yá láti kọ́ ilé tí a ń gbé fúnra wa. Èyí tí ó tuntun ni ti owó ilé: ayálégbé lè yọ ìdá 20 nínú owó ilé tí ó san lọ́dún, kí ó má ṣáà ju 500,000 lọ. Ẹni tí kò bá sọ iye owó ilé tí ó ń san kò lè rí i gbà. Owó ìfipamọ́ tí ẹ ń dá nínú ẹgbẹ́ wa kò sí lára àwọn tí a ń yọ. A sọ ọ́ nítorí pé àwọn kan máa ń bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò Ìyá Kẹ́hìndé bí ó ti yẹ kí ó rí. Owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan gbáko jẹ́ 2,160,000. Owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8, jẹ́ 172,800. Owó ilé rẹ̀ jẹ́ 600,000 lọ́dún, ìdá 20 rẹ̀ sì jẹ́ 120,000. Yọ méjèèjì kúrò, ó ku 1,867,200. Yọ 800,000 tí kò ní owó orí, ó ku 1,067,200. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ 160,080. Pín in sí oṣù 12, ó jẹ́ 13,340 náírà lóṣù. Wọ́n ń yọ 27,000. Ohun tí ó lé jẹ́ 13,660 lóṣooṣù, ó sì ju ìdajì owó tí ó ń san fún ẹgbẹ́ lọ.

Àṣìṣe náà kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ilé iṣẹ́ mìíràn wà tí ìlànà àtijọ́, tí ó parí pẹ̀lú ọdún 2025, ṣì ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà wọn. Bí a bá fi ti àtijọ́ ṣírò owó oṣù kan náà yìí, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 15,338. Ẹ̀rọ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òfin ti yí padà.

Kí ni kí ènìyàn ṣe? Kí ó má lọ jà. Kí ó kọ lẹ́tà kúkúrú sí akọ̀wé owó, kí ó fi ẹ̀dà ìwé owó ilé àti àdéhùn ilé sí i, kí ó fi ìṣirò tirẹ̀ sí i pẹ̀lú, kí ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tí yóò mú lọ sílé. Kí ó wò ó bóyá nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń lò fún un jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Àwọn aláṣẹ ti sọ pé NIN ni yóò máa ṣiṣẹ́ nọ́ńbà owó orí fún ẹni kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òfin tuntun. Obìnrin tí ó ń jẹ́ orúkọ ọkọ níbi iṣẹ́, tí orúkọ bàbá rẹ̀ sì wà lórí NIN, kí ó tètè tún un ṣe.

Ó tún ku apá kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Owó tí ó wọlé fún ènìyàn láàárín ọdún kan ni òfin ń gba owó orí lé lórí. Oṣù mẹ́fà péré ni Ìyá Kẹ́hìndé ṣe nínú ọdún yẹn: 1,080,000 náírà. Yọ owó ìfẹ̀yìntì 86,400 àti 120,000 ti owó ilé, ó ku 873,600. Yọ 800,000, ó ku 73,600. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ 11,040 náírà, fún gbogbo ọdún náà! Bí ilé iṣẹ́ bá tilẹ̀ tún un ṣe láti oṣù kẹwàá, wọn yóò ti yọ 81,000 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti 40,020 ní mẹ́ta ìkẹyìn, àpapọ̀ 121,020. Ohun tí ó lé jẹ́ 109,980. Kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá ilé iṣẹ́ lè dín tí oṣù tí ó kù kù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ìwé ìjẹ́wọ́ owó tí ń wọlé ni yóò fi gbé e dìde. Ìwé yìí ni ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ sí ilé iṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkó, LIRS, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀lé e tó pé. Ibẹ̀ ni yóò ti bèèrè kí wọ́n dá owó náà padà tàbí kí wọ́n kà á mọ́ owó orí tí ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà nínú ọjà Ládìpọ̀ kí ẹ tó gba iṣẹ́ olóṣù, ẹ fetí sílẹ̀. Èrè ọjà oṣù wọ̀nyẹn náà jẹ́ owó tí ó wọlé. Ẹ kò lè kọ ọ́ pé ẹ jókòó lásán. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀tọ́ rẹ̀ pẹ̀lú irọ́ lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà, kí ó sì san ìtanràn lé e.

Ọ̀rọ̀ ibùgbé ńkọ́? Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó ń pinnu ìpínlẹ̀ tí ó ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti kó lọ sí Màgbòrò tàbí Àkúté, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà. Kí wọ́n sọ ọ́ níbi iṣẹ́.

Ní ti owó tí wọ́n ti yọ, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ìjọba kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀lé e tó kọjá. Ẹ má ṣe ju ìwé owó oṣù nù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta, tí wọn kò sì rí owó kankan lábẹ́ orúkọ yín, òun ni ẹlẹ́rìí yín. Bí ọ̀rọ̀ bá le, òfin ọdún 2025 ti dá ọ́fíìsì alárinà owó orí sílẹ̀, níbi tí ará ìlú lè gbé ẹ̀sùn lọ.

Ó ku ti ìgbìmọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ bá sáré dín owó tí ó ń san kù, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé owó oṣù rẹ̀ kí ẹ tó pe onídùúró. Àwa náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí: a ti kọ orúkọ ènìyàn sí abẹ́ àwọn tí kò sanwó, kí a tó bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Fún ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀: ọmọ ẹgbẹ́ kan ń gba 120,000 náírà lóṣù, wọ́n ń yọ ìdá 8 fún owó ìfẹ̀yìntì, owó ilé rẹ̀ sì jẹ́ 400,000 lọ́dún. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ara pátákó, kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ kí akọ̀wé tó sọ ìdáhùn. Ẹni tí ó bá rí 5,560 náírà lóṣù ti gbà á.