Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Tún Alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgàndò, mo rí i pé alùpùpù ayé àtijọ́ tún ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín. Bàbá kan kú lábúlé, àwọn ọmọ gbé BSA rẹ̀ wá sí Èkó. Ẹlòmíràn rówó, ó fẹ́ gun ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ níwájú yín, ẹ̀yin á sì fi sípánà Bajaj kojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Èmi ti ń kọ́ṣẹ́ yìí kí Nàìjíríà tó kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo mọ̀.

1. Ẹ mọ ohun tó wà níwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo ohun tó gbó kọ́ ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Vespa tí Ọlábísí Àjàlá gùn káàkiri ayé, orúkọ Ítálì ni. Honda tí ẹ rí lọ́wọ́ àwọn tíṣà àtijọ́, Japan ló ni ín, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà níbí ní 1979. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni BSA àti Norton láti Birmingham, Royal Enfield láti Redditch, AJS àti Matchless láti Plumstead ní London, àti Triumph, tó kúrò ní Coventry lọ sí Meriden lẹ́yìn tí bọ́ǹbù Jámánì wó ilé-iṣẹ́ wọn ní 1940. BSA Bantam tó jáde ní 1948 pàápàá, àwòrán DKW RT 125 ti Jámánì ni wọ́n gbà lẹ́yìn ogun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ara tánkì tàn yín jẹ. Bọ́ọ̀tì mélòó kan péré ló gbé tánkì ró, ẹni tó bá wù ú lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí gíà bá wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tí búréèkì wà lẹ́sẹ̀ òsì, tí wọ́n kọ Smiths sójú aago máìlì, tí wọ́n kọ Amal sára kábúrétọ̀, tí wọ́n sì kọ Lucas tàbí Wipac sára ohun iná, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

2. Nọ́ńbà ló ń jẹ́rìí. Lára Triumph, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lápá òsì, nísàlẹ̀ ibi tí sílíńdà jókòó sí. Ti férémù wà lápá òsì ọrùn, níbi tí háńdù ti wọlé. T20 ni Tiger Cub, TR6 ni Trophy, T120 ni Bonneville. Bí ẹ bá rí DU níwájú nọ́ńbà, ó jẹ́ ti ọdún 1963 tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti àwòṣe 1969, lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń ṣáájú: èkínní fún oṣù, èkejì fún ọdún àwòṣe. A ni oṣù Kìíní. C ni 1969, D ni 1970, E ni 1971. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnì tó ní AD wá, tó ní ti 1959 ni, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì dá owó rẹ̀ padà.

Ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti férémù máa ń bára mu lára Triumph. BSA kò rí bẹ́ẹ̀: ṣáájú àárín ọdún 1960 sí 1969, nọ́ńbà méjèèjì kì í dọ́gba láti ilé-iṣẹ́ wá. Mo ti rí àwọn tó kọ BSA tó mọ́ nítorí èyí, tí wọ́n lọ ra èyí tí ẹnì kan fọwọ́ tẹ nọ́ńbà tuntun sí lára. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ ojú nọ́ńbà. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìlọrin súnmọ́ ọn. Nọ́ńbà tí wọ́n bá lọ̀ dànù, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló máa dà.

3. Sípánà. Ibí yìí ni ọmọ iṣẹ́ ti ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù. 8, 10, 12, 14, 17 ni ọwọ́ yín mọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ìwọ̀n Whitworth ni wọ́n ń lò, èyí tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní 1841. Sípánà tí wọ́n kọ 1/4 W sí lára kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìdá mẹ́rin íǹṣì o. Bọ́ọ̀tì tí ara rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ ló wà fún. Ẹnu rẹ̀ gan-an jẹ́ mìlímítà 13.3. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà: 13 kò wọlé. Ọmọ iṣẹ́ á mú 14, ó wọlé, ṣùgbọ́n ó ń mì. Ó lọ́ ọ, kò yọ. Ó fi òòlù gbá ìdí sípánà. Igun nọ́ọ̀tì á jẹ, irin funfun á yọ. Ó mú páíìpù réńṣì. Kó tó di ọ̀sán, ṣísẹ́ẹ̀lì ti wọ̀ ọ́, nọ́ọ̀tì tí wọ́n dì ní Birmingham kí wọ́n tó bí bàbá ọmọ náà ti di gbóńgbó.

Ẹ wá sípánà Whitworth rà, kódà kó jẹ́ àlòkù. Àlòkù tó nípọn sàn ju tuntun tó fẹ́lẹ́. Láti nǹkan bí 1968, BSA àti Triumph bẹ̀rẹ̀ sí í lo tírẹ́ẹ̀dì oníǹṣì irú ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ lè bá oríṣi méjì lára alùpùpù kan ṣoṣo. Bí bọ́ọ̀tì bá wọlé díẹ̀ tó sì kọ̀, ẹ tú u padà kí ẹ wo tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ má gbé e lọ fún tọ́nà pé kó bá yín sọ ọ́ di ti mìlímítà. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbin ìjà sílẹ̀ fún mọkáníìkì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

4. Bátìrì wọn kò rí bíi tiwa. Lára Bajaj àti TVS, négétíìfù ló kan irin ara. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, pósítíìfù ló kàn án. Ẹ gbé e sódì lẹ́ẹ̀kan péré, rẹ́kítífáyà ti lọ nìyẹn. Ẹ má sì fi àwọ̀ wáyà ṣe ẹ̀rí, torí réwáyà tó tún un ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ti lo èyí tó rí. Púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ fóòtì 6. Gílóòbù 12 kò ní tàn lára wọn bó ṣe yẹ. Àwọn ńláńlá ìgbà àtijọ́ ní magneto, tó ń fún pulọ́ọ̀gì níná láìsí bátìrì rárá. Ẹ má yọ ọ́ dànù kí ẹ fi kọ́ìlì ọ̀kadà rọ́pò rẹ̀ nítorí pé bátìrì kú.

5. Ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnì onípístìnnì méjì ti Triumph tàbí BSA kì í kó ọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ bíi ti Bajaj Boxer. Lára ọ̀pọ̀ wọn, tánkì ọ́ìlì dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Páńpù ló ń gbé e wọlé, òun náà ló ń gbé e jáde. Bó bá dúró lọ́sẹ̀ mélòó kan, ọ́ìlì á máa yọ́ gba páńpù kọjá sínú ẹ́ńjìnì. Ẹni tí kò mọ̀ á ṣí tánkì, á ní ọ́ìlì ti gbẹ, á da lítà kan kún un. Ó wá kíkì: èéfín búlúù gba gbogbo àdúgbò, ọ́ìlì ń tú jáde níbi gbogbo. Ẹ kọ́kọ́ tú pulọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ro tán, kí ẹ tó wo tánkì. Ọ́ìlì 20W-50 tàbí SAE 50 ló bá oòrùn Èkó mu. Asẹ́ tí wọ́n fi wáyà hun ló ní, kì í ṣe fílítà bébà, nítorí náà kí ọ́ìlì má kọjá máìlì 1,500 kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Bantam kò ní tánkì ọ́ìlì ní tirẹ̀. Inú bẹntiróòlù ni ẹ ó ti po ọ́ìlì, ìdá kan sí ogún, bí ẹ ṣe ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ kékeré.

6. Bí ọ́ìlì bá ń jò díẹ̀, ẹ fara dà á. Èyí tó burú ni gọ́ọ̀mù sílíkónù tí ẹ ń tú kún ojú ìpàdé irin: èyí tó bá yọ sínú á já, á lọ dí ihò ọ́ìlì.

7. Iná iwájú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọwọ́ òsì, iná wọn sì ń tẹ̀ sápá òsì bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Níbí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni ìyẹn ń lọ. Ẹ pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ kí oníbàárà tó gbé e jáde lálẹ́ ní ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rì.

8. Ní ti páàtì, ẹ̀yin tó ń gun ọ̀kadà Íńdíà kiri lójoojúmọ́ yóò yà yín lẹ́nu. TVS ló ra Norton ní 2020. Orúkọ BSA wà lọ́wọ́ Mahindra láti 2016. Royal Enfield ti ń jáde ní Íńdíà láti 1955. Bajaj ló ń bá Triumph ṣe àwọn 400 wọn láti 2023. Ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé páàtì Boxer á wọ̀ ọ́. Kábúrétọ̀ Amal ṣì ń jáde ní tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kí oníbàárà ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún.

9. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà 2022, tí wọ́n sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù Kẹsàn-án, Alímọ̀ṣọ́ tiwa níbí kò sí nínú wọn. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ gbé Triumph oníbàárà gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ láti dán an wò. Àárín àdúgbò ti tó.

10. Ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà fi ọ̀kan sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, tí adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀: àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke ra àlòkù irin máa kọjá lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fọ ojú nọ́ńbà rẹ̀ lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá iye lé e.