Aràn Pupa Inú Ẹja Àrọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá wa máa ń bi mí lẹ́yìn Àsàlátù. Wọ́n ń la àrọ̀ odò, wọ́n rí ohun pupa kan tó ká jọ bí òwú sínú ẹran rẹ̀, wọ́n fà á yọ, ó ṣì ń yíra. Ṣé kí wọ́n da ẹja náà nù? Bí àwọn ọmọ bá ti jẹ nínú rẹ̀ ńkọ́?

Aràn ni. Eustrongylides ni àwọn onímọ̀ ń pè é, wọ́n sì ti rí i nínú àrọ̀ àkúrò Bida ní ìpínlẹ̀ Niger. Kì í ṣe ìdọ̀tí ọwọ́ ẹlẹ́ja ló fà á. Inú ẹyẹ etídò tí ń jẹ ẹja ni ilé rẹ̀ gan-an. Ẹyẹ yàgbẹ́ sómi, ẹyin aràn wà nínú ìgbẹ́ náà. Ekòló kéékèèké inú ẹrẹ̀ gbé e mì, ẹja kékeré jẹ ekòló, àrọ̀ jẹ ẹja kékeré. Aràn á wá ká sínú ẹran àrọ̀, á máa retí ẹyẹ mìíràn. Àwa ènìyàn kò sí nínú ètò rẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú wa láàyè, ó lè lu ìfun. Ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, àwọn apẹja kan gbé ẹja wẹ́wẹ́ mì láàyè. Ìròyìn wọn jáde ní 1982. Inú rírun náà le débi pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún méjì nínú wọn.

Ooru ló ń pa á. Àárín ẹja gbọ́dọ̀ gbóná tó 63°C. Ní ilé ìdáná wa, ìyẹn ni pé kí ẹran rẹ̀ funfun dé egungun, kí ó sì máa ṣí kúrò lára egungun fúnra rẹ̀. Ẹja inú ọbẹ̀ tó hó dáadáa ti kọjá ibẹ̀. Ẹja yíyan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí: ara ti dúdú, ìdí egungun ṣì tutù. Iyọ̀, álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ ń mú yíyọ̀ ara àrọ̀ kúrò, wọn kì í pa aràn. Fíríìsà lè pa á bí ó bá wà ní −20°C fún ọjọ́ 7 láì yọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ gé aràn náà kúrò pẹ̀lú ẹran tó yí i ká, ẹ se ìyókù jinná. Bí ó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè ṣà lọ, ẹ má jẹ ẹ́. (Ìdájọ́ aràn tó bá kú sínú ẹja, ẹ bi Alfa, ti ìlera ni mò ń sọ.) Ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ àti pátákó kí ẹ tó gé tòmátì lé e.

Bí àwọn ọmọ bá jẹ ẹ́ ní jíjinná, wọn kò nílò oògùn kankan. Mo ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà ilé oògùn tí wọ́n wá ra oògùn aràn nítorí èyí. Ẹni tó bá jẹ ẹja tí kò jinná, tí inú wá ń run ún gidi, kí ó má ra oògùn ìrora. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà, kí ó sì sọ fún dókítà pé òun jẹ ẹja tí kò jinná.