Àbúrò Mi, Ojú Ọ̀nà Rẹ Ni Kó O Kọ́kọ́ Bi

Àbúrò mi, sún mọ́ mi níbí. Mo gbọ́ pé owó ọkọ̀ rẹ ti fẹ́ pé, mo sì gbọ́ pé ohun tí kò jẹ́ kó o sùn báyìí ni bóyá mánúwà, tí èèyàn ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀, ni kó o rà tàbí ọ́tò, tó ń yí jíà fúnra rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó o bi ní ọ́tò ni ọkọ̀ obìnrin. Ẹnì kejì ní mánúwà nìkan ló lè fara da Kútọnu. Ẹnì kẹta fẹ́ ta èyí tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún èmi náà. Mo gbọ́ tiwọn, mo sì fi owó jìyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ kí owó rẹ tó kúrò nínú àpò.

Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Kò sí ẹnì kan tó bi ọ́ pé ibo lò ń lọ lójoojúmọ́.

Ohun tí yanrìn fi kọ́ mi

Ilé wa wà nínú von kan, ìyẹn ọ̀nà inú àdúgbò, ní Fidjrossè, láàárín Calvaire àti etí òkun. Ìwọ náà mọ àdúgbò yìí. Títì ńlá ti ní ọ̀dà, àwọn ọ̀nà mìíràn ti ní òkúta pavé, ṣùgbọ́n bó o bá ti yà wọ inú von, yanrìn ló kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn yẹn á kúnná bí èlùbọ́. Bí òjò ńlá bá dé, láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje, omi á bò ó, o ò sì ní mọ ibi tó jìn.

Ọ́tò ni mo rà. Kò tíì pé oṣù kan tí mo gbà á tí táyà fi rì sínú yanrìn níwájú ilé ara mi. Dípò kí n dúró, ṣe ni mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Táyà ń yí, ọkọ̀ ń rì, mo tún ń tẹ̀ ẹ́, títí òórùn nǹkan tó ń jóná fi kún inú ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló tì mí jáde. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, mo fi jíà sí D, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí wa mọ mánúwà dunjú, ọmọlúàbí sì ni. Epo jíà tó bá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló rọ sí i, kò mọ̀ pé irú èyí kọ́ ni jíà yẹn ń mu. Ibẹ̀ ló bàjẹ́ sí pátápátá. Owó tí mo fi tún un ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo fi ra ọkọ̀.

Mi ò torí ìyẹn kórìíra ọ́tò. Ohun tí mi ò mọ̀ ló jẹ mí níyà. Nínú mánúwà, àwo pẹlẹbẹ kan ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ẹsẹ̀ òsì rẹ lo fi ń já a, tí o fi ń so ó padà. Òun ni kílọ́ọ̀ṣì, tí àwọn mẹkáníìkì Kútọnu ń pè ní embrayage. Nínú ọ̀pọ̀ ọ́tò, epo ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá sí jíà. Bí táyà bá ń yí lójú kan, epo yẹn á máa gbóná. Epo tó bá ti jó kò lè dáàbò bo ohunkóhun nínú jíà mọ́.

Nítorí náà, bó o bá há sínú yanrìn, yálà ọ́tò ni tàbí mánúwà, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Na táyà iwájú gbọọrọ. Bọ́ sílẹ̀, kó yanrìn kúrò níwájú àwọn táyà, kó o sì tẹ́ pákó tàbí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ sábẹ́ wọn. Yọ lára afẹ́fẹ́ táyà kí ó lè fẹ̀ lórí yanrìn. Padà sínú ọkọ̀, fi ọ́tò sí L tàbí 2, fi mánúwà sí jíà kejì, kó o sì rọra máa jáde. Lẹ́yìn náà, lọ bá fọ́ọ̀kanáísà kó fẹ́ táyà padà kó o tó sáré lórí ọ̀dà.

Ka iye ìgbà tí ò ń dúró

Bó bá jẹ́ pé láti Fidjrossè lo ti ń lọ sí Ganhi tàbí Dantokpa láràárọ̀, tàbí pé ò ń gba Godomey lọ sí Calavi, o mọ ohun tí ojú ń rí. Ọkọ̀ á sún díẹ̀, á dúró. Ní Étoile Rouge, bí iná bá ti ń yí padà, àwọn zémidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, á ti yọ lọ́tùn-ún lósì. Nínú mánúwà, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó o bá sún ni wàá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wàá fi jíà kìíní sí i, wàá tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá rẹ̀ ọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì ní ìlàjì láìmọ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì tó ìyẹn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ́ẹ̀, ìsinmi gidi ni ọ́tò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ló ń wà á.

Kútọnu tẹ́jú pẹrẹsẹ, ìyẹn náà sì ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó kọ́ mánúwà níbí lè má tíì gbéra lórí òkè rí títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró lójijì lórí Ancien Pont tàbí lórí afárá Godomey, tí zém sì wà gbágbáágbá lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ á fà sẹ́yìn. Kọ́ èyí kó tó dọjọ́ náà. Fa bíréèkì ọwọ́ sókè, rọra máa gbé ẹsẹ̀ sókè lórí kílọ́ọ̀ṣì títí imú ọkọ̀ á fi fẹ́ gbéra, tẹ tọ́tù díẹ̀, kó o tó wá tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni tìrẹ ńkọ́? Bóyá Àjàṣẹ́, Ṣakẹ́tẹ́ àti Ìpobẹ́ lo ti ń ra ọjà, tàbí ò ń gun òkè lọ sí Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ láti kí àwọn òbí. Lórí ọ̀nà bẹ́ẹ̀, jíà mánúwà kì í sú èèyàn, nítorí o lè rìn jìnnà lórí jíà kan ṣoṣo. Bí bátìrì bá kú lábúlé, èèyàn mẹ́rin á tì ọ́, wàá fi jíà kejì jí ẹ́ńjìnnì. Títì kì í jí ọ́tò. Bó bá dẹnu kọlẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n so okùn mọ́ ọn kí wọ́n fà á lórí táyà tó ń wà á. Kí wọ́n gbé àwọn táyà yẹn kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé gbogbo ọkọ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù.

Bó o bá sì gba ọ̀nà olókè, irú ti Alédjo ní Tógò, má ṣe fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀ títí tó máa fi jóná. Fi jíà kékeré sọ̀ ọ́. Nínú ọ́tò, 2 àti L wà fún irú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń wa ọ́tò láti ọdún pípẹ́ tí kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n rí.

Bi mẹkáníìkì rẹ pẹ̀lú

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ibí máa ń gbà dé. Mánúwà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ti ilẹ̀ Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì wá, nítorí òun ni wọ́n fi ń wakọ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ́tò ló pọ̀ jù nínú àwọn ti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Èbúté Kútọnu ń gba méjèèjì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọjá sí Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn ọ́tò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀, ọjà náà sì mì tìtì. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ń gbé Kútọnu ṣì lè rí irú méjèèjì yàn.

Nítorí náà, kó o tó lọ sí páàkì tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ. Bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti tú jíà irú ọkọ̀ yìí rí? Epo wo ló ń mu, ibo lẹ sì ti ń rà á?” Bí kò bá dáhùn tààrà, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Epo ọ́tò kan kì í ṣe ti èkejì. Àwọn tí wọ́n ń pè ní CVT ní epo tiwọn, wọn kì í fara mọ́ irú mìíràn. Àtúnṣe kílọ́ọ̀ṣì wọ́pọ̀ láti Fidjrossè títí dé ìgbèríko, owó rẹ̀ sì ṣeé dá. Jíà ọ́tò kì í sábà bàjẹ́ bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, owó ńlá ni.

Ro owó epo bẹntiróòlù mọ́ ọn. Ìwọ náà rí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, bí kpayo etí títì wa náà, epo fàyàwọ́ tó ń ti ibẹ̀ wá, ṣe gbówó lórí. Ọ́tò àtijọ́ oníjíà mẹ́rin máa ń mu epo ju mánúwà lọ. Àwọn tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mánúwà dọ́gba.

Ara rẹ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin kì í rántí sọ fún wa nìyí. Bí orúnkún òsì bá ń dùn ọ́, bí oyún bá ti wúwo, tàbí bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, kílọ́ọ̀ṣì lè di ìyà. Gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ, kó o sì gbọ́ ohun tí ara rẹ ń sọ. Ìró tó fún ní itan kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì na dé ìsàlẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Bó o bá ń lọ òde, tú u díẹ̀ kó o tó jókòó. Fi bàtà pẹlẹbẹ kan sínú ọkọ̀ rẹ, kó o sì bọ́ bàtà gogoro ẹsẹ̀ rẹ kó o tó wakọ̀. Bó bá jẹ́ ọ́tò, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kó máa ṣe iṣẹ́ tọ́tù àti bíréèkì. Fi òsì sinmi.

Kó o tó sanwó

Lọ ní òwúrọ̀, kó o fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, wọ́n ti fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ fún ọ.

Fún ọ́tò: bí ọ̀pá ìwọn epo jíà bá wà, yọ ọ́. Epo ọ̀pọ̀ wọn máa ń pupa, kì í dúdú, kì í rùn bí ohun tó jóná. Bó bá rí bí yáọ́ọ̀tì aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, omi ti wọ inú rẹ̀, máa bá tìrẹ lọ. Tẹ bíréèkì, gbé e láti P sí R, láti R sí D. Bó bá pẹ́ kó tó gbà, tàbí tó gbọ̀n ọ́ jìgì, fi í sílẹ̀. Lójú títì, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ṣùgbọ́n tí eré ò pọ̀ sí i, jíà yẹn ti ń yọ̀.

Fún mánúwà: fa bíréèkì ọwọ́, fi sí jíà kẹta, rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Bí kò bá kú, kílọ́ọ̀ṣì ti tán. Gbọ́ bí jíà ṣe ń wọlé, pàápàá ìkejì. Kò gbọdọ̀ máa dún bí ẹni tó ń pa eyín keke.

Bó o bá ti rà á, pààrọ̀ epo jíà kó o tó lò ó lọ títí. Atẹ́gùn iyọ̀ òkun wa ń jẹ irin, nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tó o bá ti Route des Pêches, ọ̀nà etí òkun, dé, fi omi lásán fọ abẹ́ ọkọ̀.

Èyíkéyìí tó o bá rà, mánúwà ni kó o fi kọ́ṣẹ́

Èyí ni mo fẹ́ kó o dì mú jù lọ. Bó o bá forúkọ sílẹ̀ ní auto-école, ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, kó o tó lọ ṣe ìdánwò ìwé ìwakọ̀ ní iléeṣẹ́ ANaTT, ní kí wọ́n fi mánúwà kọ́ ọ. Ẹni tó mọ mánúwà á wa ọ́tò láàárín wákàtí kan. Ẹni tó mọ ọ́tò nìkan kò lè gba kọ́kọ́rọ́ mánúwà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lóru. Bó o bá sì ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́la, ẹni tó bá fi ọ́tò ṣe ìdánwò níbẹ̀, ọ́tò nìkan ni ìwé rẹ̀ gbà á láyè láti wà.

Má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé jíà kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz kó ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì sínú ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe, ó wà á láti Mannheim dé Pforzheim ní Jámánì, ó lé ní 100 kìlómítà. Ọkọ̀ náà kò lè gun òkè tó ga, ṣe ni wọ́n ń tì í. Nígbà tí ó padà délé, ó ní kí ọkọ rẹ̀ fi jíà mìíràn kún un nítorí òkè. Ojú ọ̀nà ló bi, kó tó mọ ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ nílò.

Ganhi ni ibi iṣẹ́ mi, nítorí náà ọ́tò ni mo ṣì ń wà. Mo ti rí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, mo sì ti mọ bí mo ṣe ń gba yanrìn kọjá. Tìrẹ lè yàtọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Láti ọ̀la, bó o bá gun zém lọ síbi iṣẹ́, máa ka iye ìgbà tí ẹ dúró, kó o wo bí yanrìn ṣe pọ̀ tó kí ẹ tó dé ọ̀dà. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Mú ìwé náà wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé, ní kùtùkùtù. A ó jọ lọ sí páàkì kí ẹnikẹ́ni tó mú ẹ́ńjìnnì gbóná dè wá.