Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Òwe yìí ṣẹ mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Richmond lára, ní ìpínlẹ̀ Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1905, Maggie Lena Walker, ọmọ alágbàfọ̀, àti ẹgbẹ́ tó ń darí ṣí ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n pè ní St. Luke Emporium. Láyé ìgbà yẹn, nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù òyìnbó ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, obìnrin dúdú kò gbọdọ̀ dé fìlà wò kó tó sanwó. Ní Emporium, ọmọbìnrin dúdú ló wà lẹ́yìn káńtà tó ń dá oníbàárà lóhùn.

Àwọn oníṣòwò òyìnbó gbógun tì í. Ṣùgbọ́n ó tún dun Walker pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń gba iwájú ilé ìtajà náà kọjá lọ náwó níbòmíràn. Nígbà tó di 1911, wọ́n tì í pa.

Àwọn ará Richmond yìí kan náà ló kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tirámù lọ́dún 1904, nígbà tí wọ́n ní kí dúdú máa jókòó lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó lè fẹsẹ̀ rìn nítorí iyì rẹ̀, kí ló dé tí kò lè ra fìlà lọ́wọ́ arábìnrin rẹ̀? Lójú tèmi, ìbínú rọrùn ju ìgbẹ́kẹ̀lé lọ. Kíá la máa ń mọ ẹni tó tàbùkù wa. Pé ọjà tiwa lè dára ni ọkàn wa kì í tètè gbà.

Báǹkì tí Walker àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1903 ní tirẹ̀ kò kú. Owó tín-ín-tìn-ìn làwọn alágbàfọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń kó síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ó da pọ̀ mọ́ àwọn báǹkì dúdú mìíràn, ó sì là á já.

Nítorí náà, ìwọ tó ń gbé Chicago tàbí Peckham ní London, má fi ariwo ọjọ́ kan ṣe ìtìlẹ́yìn fún ọjà tiwa. Mú ohun kan tó o máa ń rà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà ṣe búrẹ́dì tàbí òróró irun, kó o máa rà á lọ́wọ́ ẹni tiwa. San iye tó bá pè é. A kì í ná ọjà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tó bá di ọ̀dọ̀ obìnrin tó fi wákàtí márùn-ún dirun fún wa, a ó ní, “Àǹtí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ o, ara wa náà ni.” Ọmọ tá a mú dání ń gbọ́ o, ó sì ń fi ojú yẹn díwọ̀n ara rẹ̀.

Bí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tiwa náà kò bá dára ńkọ́? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó o sọ ọ́, dípò kó o sá lọ kó o máa rojọ́ rẹ̀ káàkiri.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù náà, bí ẹ bá kọ aago mẹ́sàn-án sára ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i ní aago mẹ́sàn-án.