Ọmọ Mi, Má Dúró De Ẹni Tí Yóò Pè Ọ́

Ọmọ mi, ìwọ tó ń gbé Turin tàbí Padua, tí o ń sọ Yorùbá fún ìyá rẹ nínú ilé tí o sì ń sọ èdè Ítálì fún ẹgbẹ́ rẹ lóde, wọ́n sọ fún mi pé eré ṣíṣe ló wù ọ́, àti pé o fẹ́ di atọ́kùn ètò lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kan. Inú mi dùn sí i. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé o ń dúró de ẹni tí yóò pè ọ́, o sì ń fi ohùn rẹ pamọ́ nítorí àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tó bá ṣípá níyàá ẹ̀ ń gbé.

Wo Funke Akindele, òṣèrébìnrin Nàìjíríà tí kò dúró de ẹni tí yóò pè é. Ìkòròdú ni wọ́n bí i sí ní 1977. Láàárín 1998 sí 2002, òun ni Bisi nínú I Need to Know, ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń la àwọn ọ̀dọ́ lọ́yẹ̀ nípa ìlera ara wọn. Ojú rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n, ọmọ mi, ojú tí ayé mọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó jẹ́ tẹni, nítorí ètò tí ẹlòmíràn tẹ́ kalẹ̀, ọjọ́ tó bá wù ú ló lè ká a nílẹ̀.

Nígbà tó di 2008, fíìmù Jenifa jáde, ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ: Suliat, ọmọ oko tó wọ yunifásítì, tó sọ ara rẹ̀ ní Jenifa kí ó lè bá àwọn ọmọ ìgboro dọ́gba, tí ìgbádùn náà sì já sí àrùn. Ohùn ọmọbìnrin yìí ni kí o fetí sí. Yorùbá ń yọrí nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń ṣubú lé Yorùbá lórí, irú ohùn tí wọ́n fi ń dójú ti ọmọ ní kíláàsì. Òun ni Funke gbé síwájú kámẹ́rà láìtijú, òun ló sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dáńtọ́ jù lọ níbi AMAA, ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ sinimá Áfíríkà, ní 2009.

Kò sì jẹ́ kí ohùn náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó tún gbé e jáde nínú fíìmù mìíràn ní 2011, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ di eré àtìgbàdégbà lórí tẹlifíṣọ̀n, Jenifa's Diary, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Scene One Productions. Ní 2020, òun náà wà lára àwọn atọ́kùn AMVCA, ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n Áfíríkà, ní Èkó. Iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Omo Ghetto: The Saga wọ ilé sinimá, tó pa ju 630 mílíọ̀nù náírà lọ, Battle on Buka Street tẹ̀lé e ní 2022, nígbà tó sì di 2023, A Tribe Called Judah jáde, ó sì di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Oṣù Kejìlá ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, nígbà tí ẹbí pé jọ fún Kérésìmesì, tí ará òkè-òkun ti wálé, tí owó ìgbafẹ́ wà lápò. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni irú ọgbọ́n yìí wà, mo sì fẹ́ kí o kọ́ ọ bí o ti ń kọ́ eré.

Má rò pé Ítálì tí o wà jìnnà sí iṣẹ́ yìí. Ní 1914, ọdún tí Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, Turin ni Giovanni Pastrone ti ṣe Cabiria, fíìmù tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà. Inú Mole Antonelliana, ilé gogoro tí ará Turin ń rí lójoojúmọ́, sì ni wọ́n kó ìtàn sinimá sí. Nítorí náà, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ̀lé ìyá rẹ lọ sí ọjà Porta Palazzo, tàbí Piazza delle Erbe bó bá jẹ́ Padua lo wà, fetí sí bó ṣe ń ná ata pẹ̀lú èdè méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ gan-an, kó ọ̀rẹ́ méjì jọ, ẹ fi fóònù yín yà á, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù Kẹsàn-án tó parí.