Fífi LED Rọ́pò Gílóòbù Inú àti Ìta RV

Gílóòbù kékeré kan lókè bẹ́ẹ̀dì RV àtijọ́, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, lè máa fa áńpù kan àti ààbọ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní ọgbà ìpàgọ́ tó ní òpó iná, kò sẹ́ni tó máa ka iye tí gílóòbù ń jẹ: kọ́nfátà abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ń sọ 120 fóltì di 12, ó sì ń dá a padà fún bátìrì bí ẹ ti ń lò ó. Ẹ gbé ọkọ̀ yẹn lọ sí aṣálẹ̀ Quartzsite ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí àwọn oní-RV máa ń pàgọ́ sí lórí ilẹ̀ ìjọba nígbà òtútù láìsí òpó iná, kí ẹ wá wo bí bátìrì á ṣe rí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Gílóòbù 921 wọ́pọ̀ gan-an nínú RV Amẹ́ríkà, ó sì ń fa nǹkan bí 1.4 áńpù. Ẹ tan mẹ́fà fún wákàtí mẹ́rin, ó di 33.6 áńpù-wákàtí. Bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní Group 24 máa ń gba nǹkan bí 80, kò sì dáa kéèyàn lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má baà tètè kú. Iná nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé 40 yẹn tán, bẹ́ẹ̀ pọ́ńpù omi kò tíì ṣiṣẹ́, fáànù ẹ̀rọ amúlémóoru kò tíì yí. LED tó ń ṣe iṣẹ́ 921 kì í fa ju nǹkan bí 0.2 áńpù lọ. Mẹ́fà fún wákàtí mẹ́rin, 4.8 péré. Ẹni tó ti fi ínfátà àti sólà gbé ilé ró ní Ìbàdàn kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí a tó ra bátìrì kún bátìrì, ká kọ́kọ́ dín ohun tó ń jẹ ẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n tilẹ̀ jọra. Iná inú jẹ́ ọ̀rọ̀ bátìrì. Iná ìta, àwọn kéékèèké aláwọ̀ ọsàn àti pupa tó wà ní ẹ̀gbẹ́ àti òkè ọkọ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin àti omi òjò. Ẹni tó bá ṣe ti ìta bó ṣe ṣe ti inú yóò padà wá tún ògiri ṣe.

Iná inú

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà ńlá tó ń gbé iná òpó wọlé. Bí sólà bá wà lórí òrùlé, ẹ pa á, kí ẹ tó wá pa súwíìsì bátìrì tàbí kí ẹ tú orí nẹ́gétíìfù rẹ̀. Oòrùn kò mọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo tẹnu mọ́ wáyà ńlá yẹn nítorí pé oríṣi iná méjì ló ń gba inú ògiri RV kọjá, àwọ̀ wáyà wọn sì lè jọra. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, dúdú ni póṣítíìfù 12 fóltì, funfun ni nẹ́gétíìfù. Dúdú àti funfun kan náà ni wọ́n fi ń fa 120 fóltì. Mítà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ jẹ́ kí gílóòbù tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, pàápàá háálójìn.

Ìgbà náà ni kí ẹ ṣí ideri iná. Púpọ̀ nínú wọn, ṣe ni ẹ ó fi àtàǹpàkò ti ẹ̀gbẹ́ ike náà sínú díẹ̀ kí etí rẹ̀ kan lè yọ. Ike tí ooru gílóòbù ti jẹ títí tó fi pọ́n máa ń ṣẹ́, ẹ rọra. Ẹ yọ gílóòbù, ìdí rẹ̀ sì ni kí ẹ wò kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Nọ́mbà wà lára rẹ̀, ó sì lè kéré débi pé ẹ ó nílò tọ́ọ̀ṣì àti awò ojú.

Bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ tí wáyà tín-ín-rín ká mọ́ lọ́tùn-ún lósì, 921 tàbí 906 ló sábà máa ń jẹ́. Títì wọlé, fífà jáde, ó parí. Bó bá jẹ́ irin roboto tó ní ẹ̀gún kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ ní láti tẹ̀ kí ẹ tó yí i, ẹ dojú rẹ̀ kọ yín kí ẹ ka àmì òjé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, 1141 tàbí 1156 ni, ìdí rẹ̀ ń jẹ́ BA15s. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ wo ẹ̀gún náà dáadáa: bí méjèèjì bá ga dọ́gba, BA15d ni, irú 1076, bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, 1157 ni, BAY15d, gílóòbù ẹ̀yìn ọkọ̀ tó jẹ́ iná alẹ́ àti iná bíréèkì papọ̀. Lẹ́tà kékeré tó kẹ́yìn yẹn, s tàbí d, ló ń dá ọjà padà jù, nítorí nínú àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Èyí tó rí bí ọ̀pá kékeré tó ní irin ṣóńṣó lórí méjèèjì, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n ní mìlímítà, torí gígùn rẹ̀ kò dọ́gba. Iná pẹlẹbẹ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná sábà máa ń lo háálójìn ẹlẹ́sẹ̀ méjì, G4. Fún tirẹ̀, ẹ wò bóyá ẹsẹ̀ LED náà ti ẹ̀yìn jáde tàbí ẹ̀gbẹ́, kí ideri lè padà bò ó. Fúlórẹ́sẹ́ńtì gígùn ní bálásì tirẹ̀ tí ẹ ní láti yọ, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ kọ iye tí ẹ nílò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ní ti rírà, 12 fóltì jẹ́ orúkọ lásán. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi ń mú 12.6 wá. Kọ́nfátà ń gbé e dé 13.6, nígbà tó bá sì ń rọ iná sí bátìrì kíkankíkan, ó lè kan 14.4. LED olówó pọ́ọ́kú tí kò ní ju resistor lọ láti ṣọ́ ọ yóò máa gbóná ju bó ti yẹ lọ, ẹ ó sì máa yọ òkú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 10–30 V sí. Irú bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń jẹ́ kí áńpù dúró lójú kan bó ti wù kí fóltì lọ sókè sódò. Ní tèmi, ohun tó tọ́ sí owó gọbọi nìyẹn. Iye LED kéékèèké tí wọ́n tò sára rẹ̀, tí àwọn olùtajà fi ń polówó, kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ wo lúmẹ́nì. 921 onífọ́nrán ń tan nǹkan bí 260, nítorí náà LED tó wà láàárín 200 sí 300 á rí bí èyí tí ojú yín mọ̀. Ẹ wo K náà, tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: 2700 sí 3000 pọ́n díẹ̀ bí iná àtijọ́, 4000 dára fún ibi ìdáná, 6000 funfun tó ń fa sí búlúù, tí n kò lè sùn lábẹ́ rẹ̀. Bí iná yín bá ní bọ́tìnnì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ rí i pé wọ́n kọ dimmable sára LED tí ẹ fẹ́ rà. Ẹyọ kan péré ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì lò ó lóru kan, kí ẹ tó ra ogún.

Fífi sí i kò le, àfi pé LED kì í ṣe bíi gílóòbù onífọ́nrán: ọ̀nà kan ni iná gbọ́dọ̀ gbà wọ inú rẹ̀. Àwọn tó dára kan ń tàn bó ti wù kí ẹ tì í wọlé. Àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dá iná bátìrì padà tí onípẹlẹbẹ kò tàn, ẹ pa iná, fà á yọ, yí ọ̀tún rẹ̀ sí òsì, kí ẹ tún un tì. Elẹ́gùn-ún BA15s kò ṣeé yí bẹ́ẹ̀, torí náà bó bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gbé wáyà sódì nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, torí gílóòbù àtijọ́ kì í bìkítà. Ẹ yọ iná náà lára àjà kí ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì síra wọn. Kí ẹ tó dá LED lẹ́bi, ẹ yẹ irin inú hólúdà wò: bó bá ti dípẹtà, ẹ ha á, bó bá ti fẹjú, ẹ fi píláyà ẹlẹ́nu tín-ín-rín fún un díẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá tàn, ẹ ṣí rédíò FM. Ẹ̀rọ kékeré inú LED lè máa da ariwo sínú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó ń lo áńtẹ́nà orí òrùlé. Bí ariwo bá dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ bá pa iná, ẹ dá irú LED yẹn padà. Bí LED bá ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, súwíìsì tó ní iná kékeré tirẹ̀ ló ń jẹ́ kí iná díẹ̀ máa jò kọjá. Kò léwu. Fíúùsì ni kí ẹ má fọwọ́ kàn: wáyà ló ń ṣọ́, kì í ṣe gílóòbù.

Iná ìta

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: iná ìta kì í pa bátìrì yín ní ibùdó, torí ojú ọ̀nà nìkan ló ti ń tàn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí LED ń fúnni níbẹ̀ ni pé kò ní fọ́nrán tí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà lè já, ó sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí iná ìta yín bá ṣì ń tàn, tí ike rẹ̀ kò sán, kò sí ìkánjú kankan.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà lórí rẹ̀ ni FMVSS 108. Iná ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ pupa. Ọkọ̀ tó bá fẹ̀ tó 80 ínṣì, ìyẹn 2032 mìlímítà, gbọ́dọ̀ ní iná ní igun òkè rẹ̀ láti fi fífẹ̀ rẹ̀ hàn, àti mẹ́ta tó wà pa pọ̀ láàárín òkè ẹ̀yìn. Bí ó bá gùn tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ó tún gbọ́dọ̀ ní aláwọ̀ ọsàn láàárín ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo gílóòbù kékeré 194, ẹ sì lè ti LED 194 bọ inú rẹ̀. Bí ẹ ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, LED pupa sí abẹ́ ike pupa, aláwọ̀ ọsàn sí abẹ́ ike aláwọ̀ ọsàn. LED funfun kò ní pupa púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, tó bá gba inú ike pupa, bàìbàì ló máa jáde.

Síbẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ti gílóòbù nìkan. Àmì DOT tí wọ́n tẹ̀ sára ike náà, tó ń sọ pé iná bá òfin yẹn mu, jẹ́ ẹ̀rí fún iná yẹn pẹ̀lú irú gílóòbù tí wọ́n ṣe é fún. Odindi iná LED tí wọ́n ti dì pa, tó ní àmì DOT àti SAE lára, kò wọ́n, ó sì ń gbà yín lọ́wọ́ ike tó ti gbẹ.

Bí RV yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fà, ẹ so ó mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á, kí ẹ wá tan iná alẹ́. Ẹ tú ìdè iná àtijọ́, kí ẹ fi mítà wá wáyà tó ní 12 fóltì. Níbí pẹ̀lú, àwọ̀ lè tan yín: lára tirela lásán, wáyà búráùn ló ń gbé iná alẹ́, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ RV, àwọ̀ ewé ni, búráùn sì jẹ́ ti ìtọ́ka apá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ wáyà kan péré ló wọ iná àtijọ́, ìdè rẹ̀ tó wọ ara àlùmíníọ̀mù ni nẹ́gétíìfù rẹ̀. Iná tuntun oníke ní wáyà méjì, ẹ ní láti wá nẹ́gétíìfù gidi fún un. Ẹ pa iná kí ẹ tó gé nǹkan kan, kí ẹ sì fi kọnẹ́tọ̀ tí ooru ń mú kó fún mọ́ wáyà so wọ́n. Téèpù dúdú kò tó níta.

Ibi tí sùúrù ti ń sanwó ló kù yìí. Ẹ fi ọ̀bẹ ike, kì í ṣe irin, ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀ títí á fi mọ́ láú, kí ẹ fi ọtí ìfọgbẹ́ nù ún. Ẹ fi ìka tẹ igi tí ìdè ń wọ̀. Bó bá rọ̀, ẹ dúró, omi ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ògiri lẹ ní láti tún ṣe ṣáájú iná. Bó bá le, ẹ gé butyl tape, téèpù rọ́bà rírọ̀ tí kì í gan, yí ẹ̀yìn iná tuntun ká, kí ẹ dè é títí téèpù náà á fi yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ gé ìyókù. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù RV fa òkè àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí omi tó bá rí àyè wọlé lè rí àyè jáde. Ẹ má lo sílíkọ́ọ̀nù ọjà lásán: lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, kò sí nǹkan tó máa lẹ̀ mọ́ ibi tó ti kàn.

Ní ti iná ìtọ́ka àti bíréèkì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí kò bá sí ìdí pàtàkì. LED ń fa iná díẹ̀ débi pé ọkọ̀ tó ń fà yín lè rò pé gílóòbù ti jó, kí ìtọ́ka máa ṣẹ́jú wàrà-wàrà, tàbí kó sọ pé kò sí tirela lẹ́yìn. Resistor tí wọ́n ń tà láti fi tún un ṣe máa ń gbóná tó láti yọ́ ike.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, ẹ tan gbogbo iná, kí ẹnìkejì yín máa fi họ́ọ̀sì da omi sí i látòkè fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ̀yin wà nínú ọkọ̀, kí ẹ máa fọwọ́ kan ògiri lẹ́yìn iná kọ̀ọ̀kan. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ ni omi tó bá gba ti iná òkè wọlé máa ń jáde sí.