Bí Dáì Ti Ń Sọ Páànù Di Agolo, àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Wò Lára Rẹ̀

Bí a bá mú agolo sadíìnì tí a ti jẹ tán, tí a fọ̀ ọ́ mọ́, tí a sì wo inú rẹ̀, a ó rí i pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ìsàlẹ̀ àti ògiri jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kò sí ibi tí a gbé jó wọn pọ̀. Síbẹ̀ páànù pẹlẹbẹ ni ó jẹ́ rí. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ bí a ti ń fi iná àti òòlù sọ irin di ọkọ́, ṣùgbọ́n iná kò sí nínú iṣẹ́ yìí. Bí páànù ti tutù náà ni a ti tẹ̀ ẹ́. Ohun èlò tí a fi ṣe é ni a ń pè ní dáì.

Irin líle ni dáì, a sì máa ń gbẹ́ ẹ ní akọ àti abo. Abo ní ihò tàbí kòtò, akọ sì bá ihò náà mu. A fi abo sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, a fi akọ sí òkè, a tẹ́ páànù sáàárín wọn, ẹ̀rọ a sì fi agbára ńlá ti akọ wọlé. Oríṣiríṣi ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a rán olúkúlùkù.

Èyí tí ó rọrùn jù ni dáì tí ń gé. Obìnrin tí ó bá ti fi ẹnu ife gé ìyẹ̀fun pípò sí róbótó mọ ìṣe rẹ̀. Àlàfo kékeré gbọ́dọ̀ wà láàárín akọ àti abo. Ó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú ogún títí dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìnípọn páànù, ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fẹ̀ jù, tàbí bí dáì bá ti kújú, etí páànù yóò hu eyín wẹ́wẹ́ tí ń ya ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tí abọ́ tuntun bá gún lọ́wọ́ ti mọ bí dáì ẹni tí ó ṣe é ti rí.

Dáì tí ń ṣẹ́ páànù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kìkì pé irin a máa fẹ́ padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí náà oníṣẹ́ a ṣẹ́ ẹ kọjá ibi tí ó fẹ́ díẹ̀, kí ó lè padà dúró síbẹ̀.

Ní tèmi, dáì tí ń fà ni ó yani lẹ́nu jù. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí ẹnu ife, kí ẹ sì fi ìka tì í wọ inú: ẹ ó rí i pé etí aṣọ náà yóò ká jọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni páànù ìbá ṣe, bí kò ṣe pé òrùka irin kan di etí rẹ̀ mú bí akọ ti ń tì í lọ. Bí òrùka náà bá dẹ̀ jù, páànù yóò ká jọ; bí ó bá le jù, páànù yóò ya nísàlẹ̀. A ń fi òróró pa á kí ó lè yọ̀. Ohun tí ó jìn ni a ń fà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Agolo alumíníọ̀mù tí a ń rọ ohun mímu sí a tún máa gba inú òrùka tí ó há kọjá, títí ògiri rẹ̀ yóò fi tó bí 0.1 milimita, èyí tí kò ju ìnípọn ìwé lọ.

Nítorí pé dáì kan náà ni ó tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, agolo wọ̀nyí dọ́gba, ìdí sì nìyí tí agolo mílíìkì fi di òṣùwọ̀n ìrẹsì lọ́jà wa. Kí ẹni tí ń rà máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn kan ń fi òòlù tì í wọ inú.

Dáì mìíràn ni ó ń tẹ àwọn òrùka tí ẹ ń rí lórí ìdérí agolo. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tí a bá ń se agolo pẹ̀lú oúnjẹ inú rẹ̀, ìdérí a wú sókè, òrùka wọ̀nyí a sì jẹ́ kí ó lè padà wálẹ̀ láìya. Nítorí náà, ìdérí agolo tí ó dára a tẹ́jú tàbí kí ó rì díẹ̀.

Láti ìgbà tí Peter Durand ti gba ìwé àṣẹ fún agolo oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1810, páànù tí a fi tánganran bò ni a ń lò, òjé sì wà nínú ohun tí a fi ń jó o pọ̀. Òjé jẹ́ májèlé, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí ìdérí àti etí ara agolo mọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, láìlo òjé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di 1995 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fi òfin de òjé pátápátá lára agolo oúnjẹ.

Bí agolo bá wú, bí ó bá ń jò, tàbí bí etí tí a ká náà bá tẹ̀ wọlé, ẹ má ṣe rà á. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń gbilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, májèlé rẹ̀ sì lè pani bí oúnjẹ náà kò tilẹ̀ rùn. Ẹ má ṣe tọ́ ọ wò, ẹ má sì ṣe fún ajá. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, kí ó jìnnà sí kànga. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ ẹ́, tí ó ń rí ohun kan ní méjì, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń ṣubú, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú agolo náà dání.